Bí a ṣe ń mú kí láptọ́ọ̀pù tutù nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fa atẹ́gùn sínú, tí fáànù á sì ti ooru jáde gba ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́. Bí ihò wọ̀nyí bá dí, ooru ò ríbi gbà, ẹ̀rọ náà á sì dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí. Orí tábìlì ló yẹ ẹ́. Ẹ fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kó lè ga díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bo ihò o. Ẹ ṣe èyí ná kí ẹ tó náwó sórí pẹpẹ onífáànù tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù lé.

Ọ̀rọ̀ eruku ló wá kàn, pàápàá nígbà ọyẹ́. Nígbà tí wọ́n tú tèmi, eruku ti dì sáàárín fáànù àti àwọn irin pẹlẹbẹ tí ooru ń gbà jáde, bí òwú tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Odidi ni wọ́n ká a kúrò. Láti ọjọ́ náà ni fáànù tó ń hó bí jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kó tutù dáadáa, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbá ẹnu ihò. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ lè wọlé. Inú rẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Kó fi nǹkan di fáànù mú bó bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, kí fáànù náà má yí ní àyíjù. Bó bá ti lò tó ọdún mélòó kan, kó pààrọ̀ oje tó ń gbé ooru kúrò lórí ṣíìpù (thermal paste).

Bó bá ṣì ń gbóná, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows, kí ẹ wo ohun tó ń jẹ CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ṣí sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ni. Ẹ pa èyí tí ẹ ò lò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sínú fìríìjì. Ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé ìdí rẹ̀ wú, tàbí pé ibi tí à ń fọwọ́ fà bíi máúsì (touchpad) ti gbé sókè, bátìrì ló ń wú yẹn: ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.