Ẹ Má Bá Ọlọ́run Ṣòwò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìgbọràn

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù gbọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń jí lóru gbàdúrà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é kò lè gbé wọn jìnnà. Kó tó di ọdún méjì, ó ti sú wọn.

Àkọ́kọ́, ẹ má gbọ́ràn nítorí ojú ayé. Ẹ lọ ka ti Ananíà àti Sàfírà, tọkọtaya tó fi apá kan owó ilẹ̀ wọn pa mọ́ tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mú wá, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5.

Ìkejì, ẹ má fi ìgbọràn ra ìgbàlà. Nínú Ẹ́kísódù, orí 12 ni Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì, orí 20 ni Òfin Mẹ́wàá tó dé. Ọlọ́run ti tú wọn sílẹ̀ kó tó pàṣẹ fún wọn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni òwò ṣíṣe. “Mo san ìdámẹ́wàá, kí ló dé tí n kò tíì ríṣẹ́?” Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí èmi náà sọ ọ́ rí. Lóru ọjọ́ kan tí ibà ń ṣe ọmọ mi, mo kúnlẹ̀ ti ibùsùn rẹ̀, mo ń ka iṣẹ́ mi sí Ọlọ́run létí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá sin gbèsè: ààwẹ̀ ọjọ́ 21, àga ìjọ tí mo ń nù ní gbogbo Sátidé, àwọn aláìsàn tí mo lọ kí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi. Ohùn ẹ̀gbọ́n ọmọ onínàákúnàá ni, nínú Lúùkù 15:29: gbogbo ọdún tí mo ti fi sìn ọ́, o ò fún mi ní ọmọ ewúrẹ́ kan. Bàbá rẹ̀ sì dá a lóhùn pé, ohun gbogbo tí mo ní, tìrẹ ni. Ọmọ tó ni gbogbo agbo ló ń jà nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo! Ẹkún gbà mí lẹ́nu, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. Ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Ẹ̀rù ọ̀run àpáàdì nìkan náà kò tó o. Ó lè ta èèyàn jí, àmọ́ kò lè mú un dúró. Ìfẹ́ ni Jésù fi ṣáájú nínú Jòhánù 14:15: “Bí ẹ̀yin bá fẹ́ràn mi.”

N kò sọ pé èrè burú. Mósè pàápàá wo èrè, bó ṣe wà nínú Hébérù 11:26. Ṣùgbọ́n tí èrè bá pẹ́ ńkọ́? Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò dúró níwájú iná ìléru, wọ́n ní Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn, pé bí kò bá tilẹ̀ gbà wọ́n, àwọn kò ní forí balẹ̀ fún ère. Ẹni tó bá wá sọ fún mi báyìí pé òun fẹ́ wọ ààwẹ̀, Dáníẹ́lì 3:18 ni mo kọ́kọ́ ń ní kó kà sókè.