Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ọmọ l'Ábùjá, lẹ́tà ìgbàtọ́ kì í ṣe ìwé kóòtù

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àbújá, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gba ọmọ ṣọmọ, ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ilé mọ́tálẹ́ẹ̀sì. Wọn á béèrè ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ orí, fọ́tò, àti ìwé àyẹ̀wò ara láti ọsibítù ìjọba. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní kí tọkọtaya tó ẹni ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Ẹni tó ń dá gbé gbọ́dọ̀ tó ẹni ọdún 35. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ọmọkùnrin ló lè gbà; bó bá jẹ́ obìnrin, ọmọbìnrin ni.

Òfin yìí kan náà ní kẹ́ ẹ ti gbé ní ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń gbàwé fún ọdún 5. Ẹ̀yin ará Mararaba àti Suleja, Àbújá lẹ ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Násáráwá tàbí Niger lẹ ń sùn, torí náà ibẹ̀ lẹ ti máa gbàwé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi àdírẹ́sì Wuse purọ́ o!

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn wa jẹ gan-an ni àkókò tí ọmọ ti wà nílé yín, tí kóòtù ò sì tíì sọ̀rọ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín fún oṣù 3 gbáko kí àṣẹ kóòtù tó jáde, wẹ́fíà sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ láti oṣù 12 ṣáájú àṣẹ náà pé ẹ fẹ́ gbà á. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé e fún yín, lẹ́tà ìgbàtọ́ lásán ni: ẹ kàn ń bá wọn tọ́jú ọmọ ni, kò tíì di tiyín.

Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ní Kubwa kò lè dúró. Obìnrin kan ní òun á bá wọn parí ẹ̀ kíákíá. Wọ́n sanwó, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe páspọ́ọ̀tù fún un ni wọ́n tó mọ̀ pé nọ́ńbà orí ìwé kóòtù wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ kóòtù kankan. Ìjọba gba ọmọ náà, ọmọ tó ti ń pe ìyàwó yẹn ní Mọ́mì! Ta ni yóò ṣàlàyé fún un? Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni òfin là sílẹ̀ fún ríra àti títa ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rin dé kóòtù, kẹ́ ẹ ní kí akọ̀wé ṣí fáìlì yín lójú yín.

Ẹ má sì já ọmọ gbà bí ẹrù. Ẹ máa lọ kí i níbi tó wà kó tó bá yín lọ, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó ń jẹ, orin tó fi ń sùn, orúkọ tó ń jẹ́. Ọmọbìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbà kò mu omi títí wọ́n fi padà lọ gba kọ́ọ̀pù ike pupa rẹ̀ wá. Èyí tó létí ya ni. Ó gbé e sáyà, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n tún bu sí i.

Ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i ló tó di bí ọmọ bíbí inú yín níwájú òfin, tó sì lè pín nínú ogún. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má gbé e kúrò l'Ábùjá láìjẹ́ pé wẹ́fíà yọ̀ǹda fún yín. Bí Màmá yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́ bá fẹ́ rí i, kí wọ́n wọkọ̀ wá.