Bí a ṣe pa abẹ́rẹ́ HPV mọ́ tí a sì pín in n'Íbàdàn láìjẹ́ kó dì

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ni pé ooru máa ń bà á jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà nídìí sítóò àjẹsára, òtútù àpọ̀jù ni mo máa ń ṣọ́ jù, torí pé ooru máa ń fi àmì sílẹ̀ lára ìgò, òtútù kì í fi. Ìgò tó ti dì tó sì ti yọ́ padà, ojú lásán ò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí nǹkan kan ò ṣe. Nọ́ọ̀sì á fà á, á gún ọmọ, ọmọ á sunkún, ìyá á gba káàdì, wọ́n á máa lọ sílé. Ààbò tí wọ́n torí rẹ̀ wá lè má sí lára ọmọ náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ bí a ṣe ṣe é nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, kàn wá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ara àwọn abẹ́rẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ dì ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Íbàdàn, márùn-ún láàárín ìlú, mẹ́fà tó yí i ká. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Abúlé pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilé ìwé pọ̀, ọ̀nà ibòmíì ò sì dára. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ yìí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ògùn àti Ọ̀ṣun tí wọ́n múlé gbè wá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ìpele kejì ló kan tiwa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ ń gbà á. Kòkòrò HPV oríṣi 16 àti 18 ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ yìí sì ń dènà àwọn méjèèjì. Èmi náà ní ọmọbìnrin nílé, n kò lè fojú kékeré wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àyè la kọ́kọ́ wá. Ìgò BCG kan, ìyẹn abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọmọ 20 ló wà fún. Ìgò HPV tí wọ́n kó wá fún wa, ọmọ kan péré ni. Nítorí náà, páálí HPV á gba fìríìjì tán kó tó di pé iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀ jọ nǹkan kan létí ẹni tí kò mọ̀. Kí ẹrù tó dé, mo ní láti mọ ohun tó wà nílẹ̀, kí n kó èyí tó yẹ kó jáde jáde, kí n sì mọ̀ bóyá àwọn fìríìjì wa ṣeé gbára lé. Mo ka gbogbo ìgò, mo fi wé lẹ́jà, mo sì to àwọn tí ọjọ́ wọn máa kọ́kọ́ parí síwájú, ìgbà yòówù kí wọ́n ti dé. Àwọn kan gbà pé èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nídìí àjẹsára. Ẹrù tó dé lánàá lè jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé.

Ibi ìkà yìí ni mo ti bá ọ̀rọ̀ pàdé. Nínú fìríìjì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń pè ní Fridge-tag, tó ń ṣọ́ ìwọ̀n òtútù tọ̀sántòru, tó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ 30. Dígírì 2 sí 8 ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wà. Bí ibẹ̀ bá ju 8 lọ fún wákàtí 10 gbáko, ẹ̀rọ náà á figbe ta. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó lọ sílẹ̀ kọjá òdo, dé ìdajì dígírì nísàlẹ̀ rẹ̀, wákàtí kan péré ló máa fún un kó tó figbe ta. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, wákàtí 10 fún ooru, wákàtí kan fún òtútù. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ èyí tó ń yára ṣọṣẹ́. Nígbà tí mo tẹ àwọn ọjọ́ tó ti kọjá wò lórí èyí tó wà nínú fìríìjì kejì, mo rí àmì òtútù ní òru ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n mú iná wá lẹ́yìn tó ti lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹni kan tó fẹ́ kí nǹkan tètè tutù padà sì yí bọ́tìnì rẹ̀ sí òpin. Kò ṣe é láti ba nǹkan jẹ́. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí fìríìjì oúnjẹ nílé ló ṣe.

Abẹ́rẹ́ Td wà nínú fìríìjì náà, èyí tí àwọn aláboyún ń gbà nítorí tẹ́tánọ́ọ̀sì, àwọn kan nínú wọn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí òtútù ti ń mú jù. Àmì VVM ara wọn dára. VVM ni òrùka kékeré ara ìgò tó ní àmì onígun mẹ́rin láàárín. Bí onígun mẹ́rin náà bá ṣì funfun ju òrùka tó yí i ká lọ, abẹ́rẹ́ ṣeé lò. Bí àwọ̀ wọn bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín ti dúdú jù, ẹ má lò ó. Ṣùgbọ́n ooru nìkan ni VVM ń wò. Abẹ́rẹ́ lè dì gbagidi kí VVM rẹ̀ ṣì máa funfun.

Nítorí náà, a ṣe àyẹ̀wò mímì. Mo mú ìgò Td kan tí nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ (nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ṣe pa pọ̀) bá ti àwọn tí mo ń fura sí mu, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kan èèyàn, mo sì fi í sínú fírísà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, kó lè dì dé inú. Mo jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, láìgbé e sínú omi gbóná. Lẹ́yìn náà, mo mú òun àti ọ̀kan lára àwọn tí mo ń fura sí, mo fi ọwọ́ kan mú àwọn méjèèjì pa pọ̀, mo mì wọ́n dáadáa, mo gbé wọn kalẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo sì jókòó tì wọ́n. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi dì kò pẹ́ rárá. Ó rọlẹ̀ bí ògì, omi tó mọ́ sì dúró lókè rẹ̀ bí omidùn. Èyí tí mo ń fura sí náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tún un ṣe pẹ̀lú àwọn tó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan náà ni. Àwọn tó wà nínú agbọ̀n òkè kò rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì rí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ mì wọ́n ni. Èyí tó bàjẹ́, a yà á sọ́tọ̀, a kọ ọ́ sínú ìwé, a sì fi tó àwọn ọ̀gá létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ká lọ pa á run. Ó dùn mí gan-an, torí owó ìlú ni. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn ju kí aláboyún kan gba omi lásán lọ.

Kí HPV tó wọlé, a ti to fìríìjì náà tuntun. Kò sí páálí tó gbọ́dọ̀ fara kan ògiri fìríìjì, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ kúrò nínú agbọ̀n lọ sísàlẹ̀. Mo pe onímọ̀ ẹ̀rọ láti tún bọ́tìnì ṣe síbi tó yẹ, a sì fi téèpù dì í mọ́bẹ̀. Fìríìjì tí a ń lò kì í ṣe irú ti ilé. Yìnyín wà nínú ara ògiri rẹ̀, bí iná bá sì ń wá fún wákàtí 8 péré lójúmọ́, ó tó o. Ohun tó yẹ ká ṣe bí iná bá lọ kò ju ká má ṣí i lọ.

Ìṣirò ò le. Ká ní ọmọbìnrin 400 ló wà ní wọ́ọ̀dù kan, a máa fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e nítorí ìgò tó lè fọ́ tàbí tó lè ṣòfò, ó di 420. Sírínjì gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba, àpótí tí a ń da àwọn tí a ti lò sí sì gbọ́dọ̀ tó wọn. Àpótí kan máa ń gba nǹkan bí 100. Àwọn tó ń ṣe ètò máa ń gbàgbé àpótí yìí, tó bá sì tán, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò á máa wà káàkiri ilé ìwé tí àwọn ọmọdé ń ṣeré.

Láti Abuja ni ẹrù ti ń bọ̀, ó gba sítóò ẹkùn wa l'Ékòó, ó dé sítóò ìpínlẹ̀, kó tó kàn wá. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹ̀gbọ́n tó wà á ti rẹ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Iwo Road, wọ́n sì ní kí n fọwọ́ síwèé kí àwọn máa lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n kà á ná. Ẹ jókòó, ẹ mu omi."

Kí n tó fọwọ́ síwèé, mo wo Freeze-tag tó bá ẹrù wá. Káàdì yìí máa ń yí àmì "ó dára" padà sí àmì X bí òtútù bá ti kọjá ààlà, kì í sì í padà mọ́. Ó dára. Mo wo VVM, nọ́ńbà báàṣì, ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ máa parí, mo sì ka ìgò. Ibi tí a ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni nìkan ni èèyàn ti lè mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹni tó gbé e wá ló ti bàjẹ́ tàbí ọwọ́ tiwa. Tí mo bá ti fọwọ́ síwèé, ọwọ́ tiwa ni.

Ìdájí ọjọ́ tí ètò bẹ̀rẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ jù. Àwọn nọ́ọ̀sì ti wá gbé geostyle wọn, àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, áìsì páàkì mẹ́rin, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí omi inú rẹ̀ ti dì, sì ni a máa ń fi sínú rẹ̀. Áìsì páàkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà tutù débi tó lè jẹ́ kí ìgò tó bá fara kàn án dì. A gbọ́dọ̀ tò ó sórí tábìlì, ká fi í sílẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Gbogbo èèyàn ló sì ń kánjú. Alhaja kan tó jẹ́ olórí ilé ìlera ní wọ́ọ̀dù tó jìnnà ti dúró tì mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tó le. Ibi tí mò ń lọ jìnnà, oòrùn á sì mú."

"Alhaja mi, mo gbọ́ yín. Ẹ gbé eléyìí sétí, kẹ́ ẹ mì í. Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kò tíì yá nìyẹn, mà. Ẹ ṣe sùúrù."

A jọ dúró. Ìgbà tó yá, wọ́n tún gbé e sétí, wọ́n mì í, omi ń dún nínú rẹ̀, yìnyín sì ń kọ lu ara ike. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ó ti ń sọ̀rọ̀!" Wọ́n nu ara rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó tò ó sínú àpótí, wọ́n fi fóòmù bò ó. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ló ń dá àwọn nọ́ọ̀sì tó kéré sí wọn dúró nídìí tábìlì.

Ní ìgboro, ilé ìwé tí wọ́n ti múra sílẹ̀ gba ju iye tí a kọ fún wọn lọ. Ní ibòmíì, àwọn òbí kọ̀, torí àhesọ pé abẹ́rẹ́ náà máa sọ ọmọ di àgàn. Àwọn tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀ ṣe tiwọn lórí ìyẹn. Tèmi ni pé ìgò ń pọ̀ síbì kan, ó ń tán níbòmíì, lọ́jọ́ kan náà. Ní ìrọ̀lẹ́, olórí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa ń pè láti sọ iye tí wọ́n gún àti iye tó kù. Èyí tí a kò ṣí máa ń padà sí sítóò lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi á wo VVM rẹ̀, á fi bíírò ṣàmì sí páálí rẹ̀ pé ó ti jáde rí, òun ló sì máa kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí èyí tí a jẹ́ kó sùn sínú geostyle nílé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ètò parí, mo kó gbogbo ìwé jọ: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó padà, èyí tó fọ́. Mo tún ka ìgò pẹ̀lú ẹni kejì mi, ohun tó wà nínú fìríìjì sì bá lẹ́jà mu. Èyí tó ṣẹ́kù ti di ti àwọn ilé ìlera alábọ́dé, níbi tí ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 9 ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ àjẹsára. Nínú ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ Td tó dì síbẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sì béèrè fún Freeze-tag tó máa tó gbogbo geostyle tí a ní. Títí wọ́n á fi dé, àwọn wọ́ọ̀dù tó jìnnà jù là ń fún ní ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀.