Bí Mo Ṣe Gbé Àfihàn Iṣẹ́ Ọnà Kalẹ̀ ní Aṣálẹ̀ Mojave

Ère ìyá ọlọ́mọ tí mo gbé bọ̀ láti Ọ̀ṣogbo ló kọ́kọ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Alẹ́ ọjọ́ kẹta tó wọ inú gálárì wa ló dún pà! bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Nígbà tí mo tan iná, igi náà ti là láti orúnkún ère dé ìsàlẹ̀, àlàfo rẹ̀ sì gba èékánná mi.

Ìlú Twentynine Palms ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ California, lẹ́bàá ọgbà Joshua Tree. Òjò tó ń rọ̀ níbí láàárín ọdún kan ò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì lè wálẹ̀ dé ìdá 10 nínú 100 lọ́sàn-án. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́, tó mọ bí ètè ṣe ń là nígbà tí òrí bá tán nílé, kó ronú ọyẹ́ tí kì í kásẹ̀ nílẹ̀. Igi tí wọ́n gbẹ́ nítòsí odò Ọ̀ṣun ṣì ní omi nínú. Tó bá dé ibí, ara rẹ̀ á gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Ara ń sún kì, inú ò sún, igi á là.

Ẹ̀bi mi ni. Iwájú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páàdì olómi ni mo gbé e sí, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé níbí ń lò dípò ẹ̀rọ amúlétutù. Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ yìí á bu omi sínú afẹ́fẹ́, igi á mu ún. Lálẹ́ tí a bá pa á, gbogbo nǹkan á tún gbẹ táútáú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ra aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, tí mo gbé e sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Òun ni mò ń kọ́kọ́ wò tí mo bá wọlé, kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Gálárì wa kì í ṣe ti olówó. Yàrá méjì péré ni, àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń bójú tó o, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lára ògiri gbọ́dọ̀ wá jókòó ti ilé náà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Tí iṣẹ́ bá tà, oníṣẹ́ á gba 70 nínú 100, ìyókù á bá owó iná lọ. Àfihàn oṣù kẹsàn-án ló kàn mí láti darí.

Ọjọ́ Sátidé la gba iṣẹ́ wọlé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, ẹ̀yìn àwòrán ni mo sì ń wò ṣáájú iwájú rẹ̀. Bàbá kan tó ti ṣe sójà rí gbé mẹ́ta wá, irin eléyín wẹ́wẹ́ ló kàn mọ́ ẹ̀yìn wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ò lè fi eléyìí kọ́ ọ, ó ń yọ̀." Ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo mú òrùka méjì àti wáyà jáde, a jọ kúnlẹ̀ tì í, a so ó síbi tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn férémù láti òkè. Ìgbà tí a ṣe ìkẹta tán, àwọn ni wọ́n ń kọ́ ẹni tó tẹ̀ lé wọn.

Kíkọ́ àwòrán ò le, ìṣirò ni. Àárín àwòrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní íǹṣì 57 sí ilẹ̀. Àwòrán tó ga ní íǹṣì 30, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 15. Tí mo bá fa wáyà rẹ̀ sókè, tí ó kù íǹṣì 4 kó dé orí férémù, 57 àti 15 jẹ́ 72. Mo yọ 4, ó ku 68. Ibẹ̀ ni ìṣó á wọ̀.

Oòrùn ló gba àkókò mi jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo lẹ bébà pupa kan mọ́ ògiri tó dojú kọ fèrèsé, mo fi páálí bo ìdajì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí páálí, ìdajì kan ṣì pupa fòò, èkejì ti ṣá bí aṣọ àlòkù. Mo pe gbogbo wọn wá wò ó. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn mọ́ pé kí a má gbé iṣẹ́ orí bébà síbẹ̀. Adìrẹ ẹlẹ́kọ méjì tí mo yá wọn, yàrá ẹ̀yìn ni mo so wọ́n kọ́ sí, níbi tí iná ò ti ju 50 lux lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó).

Mo máa ń lọ sí ibi iṣẹ́ Noah Purifoy ní Joshua Tree. Adúláwọ̀ ni, Alabama ni wọ́n bí i sí ní 1917. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Watts, àdúgbò kan ní Los Angeles, ní 1965, ó ṣa àwókù tó jóná, ó sọ wọ́n di iṣẹ́ ọnà. Ní 1989 ó kó wá sí aṣálẹ̀, ó sì ń fi pákó, páànù àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe iṣẹ́ ńláńlá síta gbangba títí ó fi kú ní 2004. Oòrùn ń bó wọn, atẹ́gùn ń wó wọn, ohun tó fẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún oòrùn; ohun olóhun ló wà lọ́wọ́ tèmi.

Atẹ́gùn líle jà ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, iyanrìn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. A fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn gbogbo férémù lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò fi aṣọ tútù kàn wọ́n, torí omi á sọ eruku di ẹrẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ṣílẹ̀kùn, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀. Ilé kún. Àwòrán bàbá sójà yẹn kan tà.

Ère mi ò sí lára ohun tí a fi hàn. Inú páálí ló wà ní yàrá ẹ̀yìn, mo fi bébà ká a mọ́ra, mo ń ṣí ìdérí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín síbi tí lílà náà parí sí, mo kọ déètì sí i. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kò tíì kọjá ìlà náà.