Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Ọ́ìlì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá wá: "Ọkọ̀ mi ń jẹ ọ́ìlì, wọ́n ní kí n lọ tú ẹ́ńjìnì." Bí a bá bi wọ́n pé lítà mélòó ló ń jẹ láàárín kìlómítà mélòó, wọn ò mọ̀. Ẹni tí kò tíì wọn ọ́ìlì, kò tíì yẹ kó tú ẹ́ńjìnì. Ẹ kà á láti òkè wá sísàlẹ̀, torí èyí tó rọrùn tí kò gba owó la kọ́kọ́ kọ.

Ìbéèrè: Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí ọ́ìlì dín láàárín sáfíìsì kan sí èkejì?

Ìdáhùn: Ó lè dín díẹ̀. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri sílíńdà kí pístìnì tó lè rìn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì jóná. Ìwọ̀n tí Toyota fi ń ṣèdájọ́ ni kúọ́ọ̀tì kan, ìyẹn lítà kan ó dín díẹ̀, láàárín máìlì 1,200, tó jẹ́ bíi kìlómítà 1,900. Ọkọ̀ tó bá jẹ tó bẹ́ẹ̀ ti kọjá ààlà. Bí tiyín bá ń jẹ ìdajì lítà láàárín kìlómítà 5,000, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi àkísà tó mọ́ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ dópin, kí ẹ tó tún fà á yọ láti wò ó. Géèjì tí ẹ kò nù kì í sọ òótọ́. Ẹ bu ọ́ìlì títí dé àmì òkè, kó má kọjá rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sínú fóònù yín. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ọ́ìlì tí ẹ bá ń bù sí i, ẹ fi ike tó ní àmì lítà wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá ti rin kìlómítà 1,900, ẹ ṣírò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nǹkan bíi lítà kan ló wà láàárín àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lára géèjì.

Ìbéèrè: Iná ọ́ìlì kò tàn. Ṣé ọ́ìlì ṣì pé nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì ni iná pupa yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe iye ọ́ìlì tó kù. Ọ́ìlì lè ti lọ sílẹ̀ gan-an kó tó tàn. Bó bá tàn, ẹ yà sí ibi tí kò léwu, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì ń dín, mi ò sì rí èéfín kankan.

Ìdáhùn: Ẹ wá ibi tó ti ń jò. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnì mọ́jú. Ẹ wo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì nù, ìdí fílítà, gásíkẹ́ẹ̀tì tapẹ́ẹ̀tì kọ́fà, síwíìṣì ọ́ìlì, àti ọ́ìlì síìlì iwájú àti ẹ̀yìn kiráńkì. Bí rọ́bà fílítà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, tí wọ́n sì de fílítà tuntun lé e lórí, ibẹ̀ lè tú ọ́ìlì dà nù pátápátá. Àwọn ibòmíràn máa ń jò nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré nìkan, páálí kò sì ní fi wọ́n hàn: ẹ fọ abẹ́ ẹ́ńjìnì mọ́, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tún wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi máa ń bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè kó má baà tètè tán.

Ìdáhùn: Ẹ ní kó ṣíwọ́. Kiráńkì á máa gbá ọ́ìlì tó pọ̀ jù, á máa yọ fóòmù, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì á sì gbé e lọ síbi tí yóò ti jóná. Ẹ́ńjìnì lítà 2.4 ti Camry 2007 sí 2009 ń gba lítà 4.3 pẹ̀lú fílítà. Ẹni tó bá da ike lítà márùn-ún sí i tán ti ṣe àṣejù.

Ìbéèrè: Èéfín ń jáde. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó fà á?

Ìdáhùn: Èéfín dúdú kì í ṣe ti ọ́ìlì, bẹntiróòlù ló pọ̀ jù. Bí èéfín funfun kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Búlúù ni ti ọ́ìlì, ìgbà tó ń jáde ló sì yẹ kí ẹ ṣọ́. Bó bá jẹ́ àárọ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wà lójú kan mọ́jú, tó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù síìlì, rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lára fáàfù, ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì kán sínú sílíńdà lóru. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù tí ẹ wá tún tẹ̀ ẹ́, fáàfù síìlì náà ni, tàbí ihò tí fáàfù ń gbà rìn ti fẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́rọ́tù náà ló ń tú yàà, rìǹgì tó yí pístìnì ká ni.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ìdáhùn: Fáàfù PCV. Nǹkan kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ wọn kì í kà á sí. Òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì rí ọ̀nà gbà padà síbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bó bá há ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnì á máa fa ọ́ìlì mu. Bó bá há ní dídí, afẹ́fẹ́ á kún inú ẹ́ńjìnì, á sì máa ti ọ́ìlì jáde lójú síìlì. Ẹ tú u, kí ẹ mì í: ó gbọ́dọ̀ dún. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ́ńjìnì: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ kejì: agbára káká ni kó fi kọjá. Ẹ fọ họ́ọ̀sì rẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún wọn ọ́ìlì fún kìlómítà 1,900 kí ẹ tó ná owó mìíràn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n bu 20W-50 sí i kó lè dín jíjẹ rẹ̀ kù.

Ìdáhùn: Ó lè dín in kù fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ki bẹ́ẹ̀ kì í tètè dé ibi ṣéènì àti VVT-i (ẹ̀rọ tí ọ́ìlì ń darí, tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà) nígbà tí ẹ bá ṣí ọkọ̀ láàárọ̀, kì í sì í tètè gba ihò tó ti há kọjá. 5W-20 tàbí 0W-20 ni Toyota kọ sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnì lítà 2.4 yẹn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti lò pẹ́, a lè gbà fún yín pé kí ẹ lo 5W-30, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Camry Muscle ni mo ń wà. Kò jò, èéfín rẹ̀ kò hàn, wọ́n wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n (agbára tí pístìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà), ó pé, a ti pààrọ̀ PCV, síbẹ̀ ó ń jẹ lítà kan láàárín kìlómítà 1,500. Gbogbo mẹkáníìkì tó wò ó ló ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnì.

Ìdáhùn: Nǹkan ṣe é. Èyí gan-an ló ń fi owó àwọn èèyàn ṣòfò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́.

Gbogbo Muscle, ìyẹn Camry 2007 sí 2011, kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo VIN, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1BE46K, ẹ́ńjìnì 2AZ-FE lítà 2.4 onísílíńdà mẹ́rin ni, òun la ń bá wí. Ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún: 7, 8 àti 9 ni 2007, 2008 àti 2009, A ni 2010, B ni 2011. Àwọn ti 2010 àti 2011 tí wọ́n ní sílíńdà mẹ́rin ń lo 2AR-FE lítà 2.5, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí tú tiyín.

Rìǹgì mẹ́ta ló wà lára pístìnì kọ̀ọ̀kan. Méjì òkè ló ń dí agbára mọ́ inú sílíńdà. Ìkẹta tó wà nísàlẹ̀ ló ń fá ọ́ìlì kúrò lára ògiri, ọ́ìlì tó fá náà á sì gba àwọn ihò tó wà lẹ́yìn rìǹgì yẹn, lára pístìnì, padà sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Nínú 2AZ-FE àwọn ọdún wọ̀nyí, àwọn ihò yẹn kéré jù. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnì, tàbí ọ́ìlì ayédèrú, á sè di kábọ̀n, kábọ̀n á dí ihò, rìǹgì ìkẹta á sì lẹ̀ mọ́ ojú àyè rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń gbá omi nílẹ̀ balùwẹ̀ nígbà tí ojú ihò tó yẹ kí omi gbà jáde ti dí. Ọ́ìlì tí kò ríbi gbà á dúró lára ògiri, iná á sì jó o.

Ohun tó ń tan mẹkáníìkì jẹ nìyí: rìǹgì méjì òkè ṣì dára, nítorí náà kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n á pé, ọkọ̀ á sì máa fà dáadáa. Kátálítíìkì tó wà lára sàláńsà ń jó lára èéfín náà kó tó jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí búlúù. Kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n kò lè dá rìǹgì ìkẹta láre. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní ọ́ìlì tàbí eérú tó gan mọ́ ọn, ẹ́ńjìnì ń jó ọ́ìlì. (Bó bá jẹ́ òde pọ́lọ́ọ̀gì lókè nìkan ni ọ́ìlì wà, síìlì tapẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló ń jò síbẹ̀, ìyẹn rọrùn.) Ẹ wá ẹni tó ní kámẹ́rà tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ ihò pọ́lọ́ọ̀gì: orí pístìnì á dúdú, kábọ̀n á nípọn lórí rẹ̀, etí rẹ̀ á sì tutù fún ọ́ìlì.

Toyota mọ̀ nípa rẹ̀. Ní 2011 wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n pààrọ̀ pístìnì àti rìǹgì sí irú èyí tí wọ́n ti tún ṣe, nígbà tó sì yá wọ́n fi kún àkókò tí wọ́n á fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àkókò yẹn ti kọjá. Àǹfààní tó kù fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ni pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà lára àwọn kan kí wọ́n tó kó wọn wá. Ẹ fi VIN béèrè ìwé àtúnṣe rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Àtúnṣe tó ń dúró ni pístìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti rìǹgì tuntun, irú èyí tí wọ́n tún ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rìǹgì tuntun sórí pístìnì àtijọ́ kí ẹ sì pè é ní àtúnṣe: ihò kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀, yóò tún dí. Bí ẹ́ńjìnì bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n wọn sílíńdà bóyá ó ti jẹ, kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù síìlì mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n wo bíárìnì kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so pístìnì mọ́ kiráńkì), kí ẹnu rìǹgì mẹ́ta má ṣe kọjú síra wọn. Kí wọ́n yẹ ojú ihò bóòtì tó de orí ẹ́ńjìnì mọ́ ìsàlẹ̀ wò dáadáa, pàápàá ti ẹ̀yìn, torí ìran ẹ́ńjìnì yìí mọ̀ ọ́n já níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá ni, ọ̀gá tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn agbára tí wọ́n fi de bóòtì. Ẹni tó bá ní ọwọ́ lòun fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, lẹ́yìn náà ní gbogbo kìlómítà 5,000. Ẹni tó ń jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró de 5,000, torí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kìlómítà kò kúrò lójú kan.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fọ rìǹgì náà láì tú ẹ́ńjìnì?

Ìdáhùn: A lè gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n á tú pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n á da oògùn tó ń tú kábọ̀n sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, kí wọ́n yọ fíúùsì bẹntiróòlù àti wáyà iná, kí wọ́n fi àkísà bo ihò pọ́lọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì yí ẹ́ńjìnì títí gbogbo oògùn á fi jáde. Ẹni tó bá de pọ́lọ́ọ̀gì padà nígbà tí omi oògùn ṣì wà nínú rẹ̀ lè tẹ kọ́ńrọ́ọ̀dù. Kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù kí ẹ́ńjìnì tó ṣiṣẹ́. Ó máa ń dín jíjẹ ọ́ìlì kù lára àwọn kan, lára àwọn mìíràn kò ṣe nǹkan kan. Kò sọ ihò kékeré di ńlá.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú lọ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀?

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ 2AZ-FE ọdún kan náà, àìsàn kan náà lẹ ń rà, ẹ ò sì mọ iye ọdún tó ti fi jẹ ọ́ìlì. Kí wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ níwájú yín, kí kámẹ́rà wọ inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Ìbéèrè: V6 ni tèmi, 4T1BK46K. Ọ́ìlì kò dín rí, àfi bó ṣe tú jáde tán lójú títì lójijì.

Ìdáhùn: Họ́ọ̀sì ọ́ìlì tó lọ síbi VVT-i ni. Wọ́n fi rọ́bà ṣe àárín rẹ̀ lára 2GR-FE àkọ́kọ́, rọ́bà náà máa ń bẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Bí tiyín kò bá tíì bẹ́, tí rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má dúró dè é.

Ìbéèrè: Mi ò lówó pístìnì báyìí. Kí ni kí n máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ máa wo géèjì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo, ẹ má jẹ́ kó dé àmì ìsàlẹ̀, kí lítà kan irú èyí tó wà nínú rẹ̀ máa wà nínú búùtù. Ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì nítorí àìsí ọ́ìlì á ná yín ju pístìnì lọ. Ẹ máa tú pọ́lọ́ọ̀gì wò ní gbogbo sáfíìsì. Bí iná ẹ́ńjìnì bá tàn, tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò sì gbé kódù P0420 jáde, ọ́ìlì tó ń jó ti lè ba kátálítíìkì jẹ́ nìyẹn. Ẹ má ra òmíràn títí ẹ ó fi tún pístìnì ṣe, torí ọ́ìlì kan náà á ba tuntun jẹ́.