Bí mo ṣe tọpa òjé nínú omi mímu ilé-ẹ̀kọ́ wa

Nígbà tí òbí ọmọ kan béèrè bóyá a ti yẹ omi tí àwọn ọmọ ń mu ní ilé-ẹ̀kọ́ wa wò rí, kí a lè mọ̀ bóyá òjé wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Nítorí pé sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, èmi ni ọ̀gá àgbà gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Èrò mi ni pé n óò bu omi sínú ike kan, n óò fi í ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, iṣẹ́ sì ti parí nìyẹn. Oṣù márùn-ún ni ó gbà mí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ní láti yé mi ni ibi tí òjé ti ń wá. Kì í sábà jẹ́ láti odò tàbí láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi. Inú ilé gan-an ni ó wà, nínú páìpù àtijọ́ tí wọ́n fi òjé ṣe, nínú òjé yíyọ́ tí àwọn púlọ́ńbà àtijọ́ fi ń lẹ páìpù bàbà pọ̀, àti nínú àwọn ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi idẹ ṣe, nítorí pé wọ́n máa ń po òjé mọ́ idẹ. Bí omi bá dúró sójú kan nínú wọn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ òjé náà tí yóò sì máa gbé e mọ́ra. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi burú ju ilé tí ènìyàn ń gbé lọ, torí pé omi ibẹ̀ ń dúró láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀, àti ní gbogbo àsìkò ìsinmi. Àwọn ọmọdé ni ó sì ń mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé òjé tí ó ń wọ ara ọmọ kékeré tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún èyí tí ó ń wọ ara àgbàlagbà láti inú ohun kan náà, àti pé kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ tí kò lè ṣe ìpalára. Máíkírógíráàmù 10 (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú lítà omi kan ni àjọ náà fi ṣe òṣùwọ̀n fún omi mímu.

Èmi àti púlọ́ńbà kan tí ó ti dàgbà sínú iṣẹ́ náà jọ yí gbogbo ilé ká, a sì fún ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn lè mu omi níbẹ̀ ní nọ́ńbà. Wọ́n jẹ́ 14. Bàbá náà kọ́ mi bí a ṣe ń dá páìpù òjé mọ̀: ó rọ̀, bí a bá fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ yóò dán bíi fàdákà, òòfà kò sì ní lè mú un.

Níbi bíbu omi ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó fẹ́ẹ̀ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, mo bu omi ní gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, èsì sì padà wá pé kò sí ìyọnu. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ti sọ fún ọ̀gá àgbà. Ìgbà tí mo fi ìwé náà han púlọ́ńbà ni ó wò mí lójú, tí ó ní, "Tíṣà, ta ni ó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà?" Ìyá tí ń gbá ilẹ̀ ni. Láti aago mẹ́fà ni ó ti ń pọn omi sínú garawa káàkiri, omi tí ó sùn mọ́jú nínú páìpù sì ti bá ìdọ̀tí lọ kí n tó dé. Omi titun ni mo bu. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí ojú ti tíṣà ju kí àwọn ọmọ máa mu òjé lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Omi ní láti dúró fún wákàtí 8, kò sì gbọdọ̀ ju 18 lọ, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo yàn dípò ọjọ́ Ajé, kí ìsinmi ọjọ́ méjì má baà mú kí èsì náà ga ju bí ó ti ń rí lójoojúmọ́ lọ. Ibi tí omi ti ń wọ ilé ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ìṣàn àkọ́kọ́ gan-an ni mo gbà sínú ike tí ó gba mìlílítà 250, láìṣan ike náà, láìsì yọ àwọ̀n kékeré tí ó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, mo sì gba ike kejì. Ike méjèèjì yìí ni ó ń tú àṣírí: bí ti àkọ́kọ́ bá ga tí èkejì sì lọ sílẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀daràn, bí èkejì náà bá ga, ẹ wá a lọ sẹ́yìn ògiri.

Mẹ́rin nínú 14 kọjá òṣùwọ̀n. Ti ilé ìdáná jẹ́ máíkírógíráàmù 38 nínú lítà kan.

Ìyá alásè ní kí a máa se omi náà kí a tó lò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé sísè ni a fi ń pa kòkòrò inú omi. Ṣùgbọ́n òjé kì í ṣe kòkòrò. Bí omi bá ń hó, ooru omi ni ó ń bá atẹ́gùn lọ, òjé yóò sì kù sínú èyí tí ó ṣẹ́kù, kí ó tilẹ̀ tún ki sí i. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a ti fi ọ̀rá di mẹ́ta nínú ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A kò dí ọ̀kan tí ó kù, ti ibi ìfọwọ́, nítorí pé òjé inú omi kì í gba awọ ara wọlé. Àkọlé "Kì í ṣe fún mímu" ni a lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan fẹ́ kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán kí a tó sọ fún àwọn òbí. N kò gbà. A kọ lẹ́tà sí wọn, a sì to nọ́ńbà gbogbo ẹnu ẹ̀rọ àti èsì wọn síbẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè tètè ṣe é.

Nígbà tí púlọ́ńbà tú àwọ̀n ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná, tí ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, eérú eérú kan tí ó wúwo ni ó jábọ́. Ó pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ náà àti oríkèé rẹ̀, a sì fi asẹ́ omi tí ó ní àmì ìjẹ́rìí NSF/ANSI 53 fún òjé sí i, ìyẹn àmì pé wọ́n ti dán an wò pé ó ń mú òjé kúrò nínú omi. Kì í ṣe gbogbo asẹ́ ni ó ń mú òjé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣe ju kí ó mú òórùn kúrò lọ. Mo kọ ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ inú rẹ̀ sára ògiri.

Èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun kọ̀rídọ̀ ni ó le jù, torí pé ike rẹ̀ méjèèjì ni ó ga. Wọ́n la ògiri, wọ́n sì bá páìpù òjé kan tí kò gùn ju apá lọ, tí wọ́n so mọ́ páìpù bàbà. Púlọ́ńbà ní bí irin méjèèjì bá ti fara kan ara wọn nínú omi, òjé yóò máa tètè jẹ, àti pé bí a bá gé ìdajì rẹ̀ tí a fi ìdajì sílẹ̀, a óò kàn tún da ìyókù rú ni. Gbogbo rẹ̀ ni a yọ.

Nínú àyẹ̀wò kẹta, ti ilé ìdáná jẹ́ 6. Ọkàn mi bàjẹ́, àmọ́ kò ya púlọ́ńbà lẹ́nu, ó ní idẹ titun a máa tu ìwọ̀nba òjé jáde ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A jẹ́ kí omi máa ṣàn níbẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a tún un yẹ̀ wò, kò sì tó 1 mọ́. Ẹnu ẹ̀rọ kẹrin, èyí tí ó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí tí ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀, kò tọ́ sí ìnáwó. Púlọ́ńbà yọ ọ́, ó fi ìdérí dí ẹnu páìpù náà pa, mo sì fa ìlà gba orí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé mi.