Bí A Ṣe Ń Yí Orúkọ Function Tó Ń Ṣini Lọ́nà Padà Nínú Kóòdù Tí Thread Púpọ̀ Jọ Ń Lò

Ẹ jẹ́ ká mú function C++ kan (apá kóòdù tó ní orúkọ tirẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tó ń jẹ́ `remove_locked()`, tó ń yọ iṣẹ́ kúrò lórí ìlà tí thread púpọ̀ (àwọn ipa iṣẹ́ tó ń lọ papọ̀ nínú ètò kan náà) jọ ń lò. Ẹnì kan á ka orúkọ yìí, á sì gbà pé function náà fúnra rẹ̀ ló ń ti mutex, ìyẹn àgádágodo tí thread kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan; ẹlòmíràn á gbà pé ẹni tó ń pè é ló gbọ́dọ̀ ti tì í sílẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣì í mú, thread méjì lè kọlu ìlà náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kejì ló bá ṣì í, thread kan náà á tún fẹ́ ti `std::mutex` tó ti dì mú tẹ́lẹ̀. Ìlànà C++ kò ṣe ẹ̀rí ohun tó lè tẹ̀yìn ìyẹn yọ, àmọ́ thread náà sábà máa ń ti ara rẹ̀ mọ́lé ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan orúkọ, ẹ ka inú function náà àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é. Ta ló ń ti mutex? Ta ló ń ṣí i? Ṣé function náà máa ń ṣí i fún ìgbà díẹ̀ láàárín iṣẹ́? Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ bí function náà bá ṣí i, thread mìíràn lè ti yí ohun tí ẹni tó pè é ti kà tẹ́lẹ̀ padà kí function náà tó parí.

Ẹ wá fi ìdáhùn náà sínú orúkọ. `remove_with_lock_held()` gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ méjì. Compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, kì í lóye ìtumọ̀ orúkọ, nítorí náà bí ẹ bá ń lo compiler tó ń jẹ́ Clang, ẹ fi àmì rẹ̀ `requires_capability` sí i, kí ìkìlọ̀ rẹ̀ `-Wthread-safety` lè máa ṣọ́ ọ. Nínú kernel Linux, `lockdep_assert_held()` ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kóòdù bá ń ṣiṣẹ́.

Clangd, irinṣẹ́ tó ń ran olóòtú kóòdù lọ́wọ́, lè ṣe ìyípadà náà fún yín, àmọ́ ẹ tún fi `git grep` wá orúkọ àtijọ́ nínú gbogbo fáìlì, torí àkọsílẹ̀ àti `dlsym` (tó ń wá function nípa orúkọ rẹ̀ tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán) máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi àtúnṣe mìíràn kún commit yìí (ìdì àyípadà tí ẹ ń fi pamọ́ sínú git) rárá.

Orúkọ tuntun kì í gba gbogbo function là. `shared_ptr` ti C++ máa ń jẹ́ kí olùní púpọ̀ jọ ní nǹkan kan; `shared_ptr::unique()` ń sọ bóyá olùní kan ṣoṣo ló kù, bẹ́ẹ̀ `weak_ptr` kan (tó ń tọ́ka sí nǹkan náà láìjẹ́ olùní rẹ̀) lórí thread mìíràn lè ti fi olùní kejì kún un kí ìdáhùn tó délẹ̀. C++17 ní kí a má lò ó mọ́, C++20 sì yọ ọ́ kúrò.